IPASẸ̀ ÀWỌN TÓ TI KỌJÁ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA Ọ̀DỌ́ LÁTI ONÍKAN

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá dá lórí ohun kan tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà ronú lé lórí. Ohun náà ni ipasẹ̀.

Bí ènìyàn bá rìn lórí iyanrìn etí òkun, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn ketekete. Ìgbì kan ṣoṣo á kọjá, ilẹ̀ á sì tẹ́jú bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ rí. Síbẹ̀, àwọn ipasẹ̀ kan wà láyé yìí tí kò tíì parẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ló dé tí omi fi gbá ti àwọn kan lọ, tí ti àwọn mìíràn sì wà síbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, a ó sì parí rẹ̀ sí Oníkan, létí ọ̀sà ní erékùṣù Èkó, nítorí ibẹ̀ ni a fẹ́ rọ gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa láti lọ ṣe ìbẹ̀wò.

BÍ IPASẸ̀ ṢE Ń DI ÒKÚTA

Ipasẹ̀ kì í ṣàdédé di òkúta. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pàdé. Èkíní, ilẹ̀ tí a tẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ níwọ̀nba, bí amọ̀ etí odò. Bó bá gbẹ jù, ẹsẹ̀ kò ní wọlé. Bó bá sì ṣàn jù, ojú ẹsẹ̀ á dí padà. Èkejì, ojú ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ kí ohunkóhun tó bà á jẹ́. Ẹ̀kẹta, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ bò ó kíákíá, ìbáà jẹ́ ẹrẹ̀ tí omi gbé wá, ìbáà jẹ́ iyanrìn tàbí eérú. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ga sí i, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ, títí èròjà inú omi abẹ́ ilẹ̀ á fi so ó pọ̀ bí ìgbà tí sìmẹ́ǹtì bá mú.

Ní Laetoli, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, gbogbo rẹ̀ pàdé. Òkè kan tó ń yọ iná da eérú sórí ilẹ̀. Òjò rọ̀ sí eérú náà, ó di bí amọ̀. Àwọn ẹ̀dá tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn gba orí rẹ̀ kọjá, oòrùn gbẹ ẹ́, eérú mìíràn sì tún bò ó. Ní 1978 ni ikọ̀ àwọn onímọ̀ tí Mary Leakey jẹ́ olórí wọn rí ipasẹ̀ náà. Wọ́n tó 70, lórí ilẹ̀ tó gùn tó mítà 27. Ìṣirò àwọn onímọ̀ sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ipasẹ̀ náà, tí wọ́n sì ti ya àwòrán rẹ̀, wọ́n tún fi erùpẹ̀ bò ó kí ó má baà bàjẹ́. Àṣé irúgbìn igi ẹlẹ́gùn-ún wà nínú erùpẹ̀ náà. Àwọn igi hù, gbòǹgbò wọn sì fẹ́ wọ inú ipasẹ̀. Ní 1995 àti 1996 ni àwọn onímọ̀ padà lọ mú àwọn igi náà kúrò, tí wọ́n sì tún ibẹ̀ bò dáadáa. Ohun tó wà láti ayébáyé, ogún ọdún àìbójútó péré ìbá bà á jẹ́.

Ní Happisburgh, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn náà yàtọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìgbì òkun ṣí ilẹ̀ kan sílẹ̀, ipasẹ̀ àgbà àti ti ọmọdé sì hàn lórí rẹ̀. Ìṣirò wọn sọ pé wọ́n ti lò ju 800,000 ọdún lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òkun náà tó ṣí wọn ti gbá wọn lọ pátápátá. Ohun tó kù fún aráyé ni àwòrán àti ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ yára gbà nínú òjò àti atẹ́gùn. Bí wọ́n bá ti ní kó di ọ̀la ni, kò ní sí ohun tí a ó máa sọ lónìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Gbogbo ẹni tó bá lọ sí Makkah ló ń rí Máqámù Ibrahim níwájú Kaaba, òkúta tí ojú ẹsẹ̀ Ànábì Ibrahim wà lára rẹ̀. Nínú Súrà Yasin, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn tì ṣíwájú àti ipasẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Òun ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Banu Salima ní Madina fẹ́ kó kúrò nílé wọn tó jìnnà, kí wọ́n lè súnmọ́ mọ́ṣáláṣí, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, nítorí ipasẹ̀ wọn ń di kíkọ sílẹ̀. Bí ipasẹ̀ bá níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, kò yẹ kí àwa fojú tẹ́ḿbẹ́lú ti àwọn tó ṣáájú wa.

ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Àwọn kan nínú wa rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú nǹkan báyìí wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, òkun ló bo ibẹ̀ nígbà tó ń di òkúta, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi kún inú rẹ̀ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé ní Èkó, sìmẹ́ǹtì tó ti inú òkúta bẹ́ẹ̀ wá ni a fi rẹ́ ògiri rẹ̀.

Ẹ wo Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ àpáta náà, wọ́n sì rí egungun ènìyàn tó ti lò ju 11,000 ọdún lọ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta tí àwọn ará ìgbà náà gbẹ́ fi ṣe irinṣẹ́.

Ẹ wo abúlé Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga, ó sì kan nǹkan líle ní nǹkan bíi mítà márùn-ún nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi onígi kan ló kàn, gígùn rẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ, ó sì ti tó 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí a mọ̀ ní Áfíríkà tó dàgbà tó o. Ẹrẹ̀ tó bò ó ni kò jẹ́ kí ó jẹrà.

Kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n ló rí ọkọ̀ Dufuna. Ẹni tó ń wá omi fún ẹran rẹ̀ ni, kò sì sọ pé kò kan òun.

ONÍKAN: IBI TÍ A TI LÈ RÍI

Ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ilẹ̀ àpáta. Iyanrìn ni, omi sì yí i ká. Ojú ẹsẹ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ipasẹ̀ àwọn baba wa ní Èkó kò sí lára òkúta. Ó wà lára ilé, lára ohun èlò, lára orúkọ àdúgbò, àti lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, kó kọ́kọ́ lọ sí Oníkan. Ibi mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Èkíní ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba àpapọ̀, tí àwọn ará Èkó ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù. Kenneth Murray ló dá a sílẹ̀ ní 1957. Gẹ̀ẹ́sì ni, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà sì ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Lára ohun tí a mọ̀ mọ́ ibẹ̀ ni orí amọ̀ Jemaa, ọ̀kan nínú iṣẹ́ àwọn ará Nok, tó ti lé ní 2,000 ọdún. Àwọn tó ń wa kùsà ló hú u jáde ní 1943, ẹnìkan sì gbé e lọ sóko iṣu rẹ̀, ó fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ẹni tó mọ iyì rẹ̀ tó rí i. Ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Ramat Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, náà wà níbẹ̀, tòun ti ojú ọta ìbọn lára rẹ̀.

Èkejì ni ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè, tó dojú kọ mùsíọ́ọ̀mù. Dókítà John Randle jẹ́ oníṣègùn tí wọ́n bí ní Sierra Leone ní 1855, nínú ìran àwọn Sàró. Ní 1928, ọdún tó kú, ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó fi owó rẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ Èkó di ohun tí a ń lò ní Oníkan. Ìlú tí omi yí ká, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ibùdó tuntun sí, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Ẹ̀kẹta ni pápá Tafawa Balewa. Pápá ìsáré ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n sì ta ti Nàìjíríà sókè ní òru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960.

Ẹ̀kẹrin ni ọgbà ìgbafẹ́ tí à ń pè ní Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí Broad Street ní 1872 ni. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ní 1979 ni wọ́n wó o, ibẹ̀ sì di ààtàn. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó gba òmìnira, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí ènìyàn lè jókòó gba afẹ́fẹ́ sí. Wọn kò bo ìtàn rẹ̀ mọ́lẹ̀: ààlà àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ṣì hàn, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn sì di orí ìtàgé.

ṢÉ Ó YẸ KÍ MÙSÙLÙMÍ WỌ ILÉ TÍ ÈRE WÀ?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á béèrè ìbéèrè yìí. Òdodo ni pé ère àti ohun ìbọ wà nínú mùsíọ́ọ̀mù, ẹni tó sì fẹ́ràn Tawhíìdì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀. Ojú tó ń wo ère kọ́ ló ń bọ ère. Èrò ọkàn àti ìṣe ni ìbọ, kì í ṣe wíwò.

Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ń pè wá sí ìrìn àjò. Nínú Súrà Al-Ankabut, ẹsẹ 20, Ó ní kí a rìn lórí ilẹ̀ kí a wo bí ìṣẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú Súrà Aal-Imran, ẹsẹ 137, Ó tún ní kí a rìn, kí a wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú ṣe rí. Báwo ni a ó ṣe rí ìgbẹ̀yìn wọn bí a kò bá wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀? Nígbà tí Amr ibn al-As, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, kó ogun wọ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 640, àwọn ibojì gàgàrà tí àwọn Firiaona kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn ohun tó ju 1,300 ọdún lọ nílẹ̀ Mùsùlùmí.

Ìlànà kan wà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé tí a bá débẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ohun tí ẹlòmíràn ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Súrà Al-An'am, ẹsẹ 108, kọ̀ fún wa láti máa bú u. Kí a wo iṣẹ́ ọwọ́, kí a béèrè ẹni tó ṣe é àti ohun tó mú un ṣe é, kí a sì dúpẹ́ pé a mọ Ọlọ́hun wa.

LÁTI ONÍKAN DÉ ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ

Bí a bá kúrò ní Oníkan tí a forí lé Ìsàlẹ̀ Èkó, ipasẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ìgbà ìwáṣẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Ọba náà padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ orúkọ Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní.

Ní Martins Street, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà níbẹ̀. Muhammad Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Sultan Abdulhamid ti Tọ́kì fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Shitta, Abdullah Quilliam tó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí ní Liverpool ló sì gbé e wá. Ní 2013, ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé ìtàn orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀. Ilé tí a ń lò, tí a sì ń tún ṣe, kì í tètè wó.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí irú ìtọ́jú yẹn. Ilé kan wà ní gbàgede Tinubu tí à ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, àwọn ìdílé Ọláìyá sì rà á ní 1933. Ní 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ pé ilé ìtàn ni. Ìkéde náà kò gbà á là. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Aráfà gan-an, wọ́n wó o palẹ̀. Ó lo 160 ọdún lórí ìdúró, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi di àlàpà. Bí ìgbì Happisburgh ni. Ohun tó kù fún àwọn ọmọ wa ni àwòrán tí àwọn ènìyàn ti yà ṣáájú ọjọ́ náà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ àrọ́bá bí àwọn àgbà bá ti lọ tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè? Ohun tí a ń rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ṣe nìyí:

1. Ẹ kọ lẹ́tà sí mùsíọ́ọ̀mù ṣáájú, ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ òbí àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré.

2. Kí olúkúlùkù mú ìwé àti kálàmù dání. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán ohunkóhun.

3. Ẹ má ṣe sáré wo gbogbo nǹkan. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan yan ohun kan ṣoṣo, kó kọ ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó rí i, àti ohun tí kò jẹ́ kí ó parun.

4. Ẹ ṣètò àkókò kí ẹ lè kírun Àyìlà ní mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey.

5. Láàárín oṣù yìí, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà kan nínú ẹbí tàbí ládùúgbò. Ẹ bi wọ́n bí ìdílé ṣe dé ibi tí ó wà, ẹni tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù nínú wọn, àti ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka.

6. Bí ilé àtijọ́ bá wà ládùúgbò yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí katakata bá dé.

Àwọn arábìnrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Ọ̀pọ̀ ìtàn ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tí wọn kò lè sọ fún ọmọkùnrin: orúkọ àwọn obìnrin tó fi owó ọjà wọn kọ́ ilé kéwú, ẹni tó gbẹ̀bí ta, ẹni tó tọ́ ọmọ ta. Bí ẹ̀yin kò bá bi wọ́n, ìgbì á gbá ìyẹn náà lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ohun mẹ́rin tó ń sọ ipasẹ̀ di òkúta, èwo ni a lè fi wé kíkọ ìtàn sílẹ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?

2. Kí ló mú kí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì wà lórí ìdúró, tí Ilojo Bar sì ti wó, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ka àwọn méjèèjì sí ilé ìtàn?

3. Ta ni àgbà tó dàgbà jù ládùúgbò yín? Ìgbà wo ni ẹ ó lọ bá wọn?

Iyanrìn ni ilẹ̀ Èkó, kò lè pa ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wo ohun tó wà, tó béèrè, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló bo ipasẹ̀ kí ìgbì tó dé. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ojú tó ń ríran àti ọkàn tó ń gba ẹ̀kọ́, kí ipasẹ̀ tiwa náà sì jẹ́ rere nínú àkọsílẹ̀ Rẹ̀. Àmín.